Ojú Táàbù Tó Ń Ṣú

Ọdún méjì gbáko ni bàbá mi fi ń sọ fún mi pé ojú táàbù àwọn ń ṣú. Wọn kì í sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. Bí a bá ti kí ara wa tán láàárọ̀, tí wọ́n ti béèrè ọkọ mi àti àwọn ọmọ, tí wọ́n sì ti ṣàdúà fún gbogbo wa, wọn á wá fi kún un wẹ́rẹ́ pé, "Ìyá mi, nǹkan yìí ti ń darúgbó o. Ojú rẹ̀ ń ṣú." Èmi náà á ní, "Ẹ ní sùúrù, Bàbá, a máa pààrọ̀ rẹ̀." Ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀ títí di ọjọ́ mìíràn.

Ìyá mi ni wọ́n ń pè mí láti kékeré, nítorí wọ́n ní ìrìn mi jọ ti ìyá tó bí wọn. Àáfà ni wọ́n. Inú agbo ilé wa ní àárín Ìlọrin àtijọ́ ni wọ́n ti kọ́ àwọn ènìyàn ní kéwú, láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi títí di ìgbà tí ẹsẹ̀ kò fi gbé wọn dáadáa mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fa àwọn ọmọdé lé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ti kọ́ lọ́wọ́, ó wá ku àwọn ìyá àgbàlagbà díẹ̀ sí wọn lọ́wọ́, àwọn tó máa ń wá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú wá ka Kùránì.

Ọdún tí ìyá mi kú ni mo ra táàbù náà, fóònù ńlá tó fẹ̀ bí ìwé, fún wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-ìwé kan ní àdúgbò Fate nígbà náà, mi ò sì lè máa lọ sí agbo ilé lójoojúmọ́. Àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni àbúrò mi ń wà, kì í sábà sí nílé. Mo rò pé Bàbá á máa gbọ́ wáàsí lórí ẹ̀, wọn á máa fẹ lẹ́tà Kùránì kó tóbi bí wọ́n bá ti fẹ́, àwa méjèèjì á sì máa rí ojú ara wa láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Ẹ̀rù bà mí pé wọn ò ní lè lò ó. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí wọ́n fi ń kọ́ èmi gan-an. Bọ́tìnnì róbótó kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ènìyàn á tẹ̀ tí yóò fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ni Bàbá ń pe bọ́tìnnì yẹn. Wọ́n máa ń sọ pé, "Bí mo bá ti ṣìnà, mo tẹ ilẹ̀kùn, mo ti délé." Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá ti tẹ ilẹ̀kùn, ìka mẹ́ta sókè ni ibi tí wọ́n ti ń pè mí, ìka mẹ́ta sí ọwọ́ ọ̀tún sì ni Kùránì. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ ọ́ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé bàbá mi mọ táàbù jù mí lọ.

Ṣùgbọ́n nǹkan a máa gbó. Táàbù já bọ́ lórí pèpéle nígbà kan, igun rẹ̀ kan là. Bátìrì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yára kú, tó fi jẹ́ pé bí a bá ń sọ̀rọ̀, wáyà ṣájà gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀. Tí iná bá lọ, ọ̀rọ̀ wa ti tán nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí a fi ń pe ara wa bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ pé táàbù ti pẹ́ jù, pé láìpẹ́ òun ò ní ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ mọ́. Àwòrán Bàbá á dédé dúró gbagidi, ẹnu wọn á là sílẹ̀, ohùn wọn á sì máa bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n wá ní ojú rẹ̀ ń ṣú, àìsàn kan kún àìsàn ni mo kà á sí. Gbogbo ara nǹkan náà ló ti ń kọṣẹ́, kí ló dé tí ojú rẹ̀ kò ní ṣú?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ro ti pípààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ríro nìkan náà ni. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi níbi tí a ti ń jẹun.

Ó ní, "Ṣé kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?"

Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ti ń falẹ̀. Bàbá sì ní ojú rẹ̀ ń ṣú."

Ó ní, "Ohun tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣe é dé ibi tó lè ṣe é dé. Ọjọ́ tó bá kú, a ra òmíràn."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mi lára mu, nítorí ó fún mi láyè láti má ṣe ohunkóhun. Láti ìgbà náà, kò sí ìgbà tí mi ò ní ìdí. Ààwẹ̀ ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká gba ààwẹ̀ tán. Àwọn ọmọ fẹ́ wọlé, ẹ jẹ́ ká san owó ilé-ìwé. Wọ́n ní irú èyí tuntun kan máa jáde, ẹ jẹ́ kó jáde kí ti tẹ́lẹ̀ lè wálẹ̀. Tí mo bá ti ọjà Ipata ra nǹkan oúnjẹ bọ̀, mo máa ń yà sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù, mo á máa wo táàbù bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò Iléyá, mo á gbé e sókè, mo á yí i padà, mo á béèrè bí bátìrì rẹ̀ ṣe ń pẹ́ sí, bí ojú rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ sí, mo á sì gbé e sílẹ̀. Mo di ẹni tó lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì láti òkèèrè. Láàárín gbogbo ìyẹn, mi ò fi ìgbà kan lọ sí agbo ilé kí n gbé táàbù Bàbá lọ́wọ́, kí n tàn án, kí n wò ó bóyá ó ṣú lóòótọ́.

Mo ń lọ síbẹ̀ o. Mo máa ń lọ kí wọn, mo á gbé ọbẹ̀ lọ, mo á jókòó díẹ̀. Táàbù á wà lórí tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí ni.

Tí mo bá wá rántí àwọn nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà, ara mi a máa bù máṣọ. Tí Bàbá bá pè mí, iwájú orí wọn àti òrùlé nìkan ni mo máa ń rí. Mo á máa rẹ́rìn-ín, mo á ní, "Bàbá, ẹ gbé e wálẹ̀ díẹ̀, irun yín nìkan ni mò ń rí." Wọn á gbé e wálẹ̀, mo á wá máa wo àgbọ̀n wọn. Ẹni tó ti fi ọdún bíi mélòó kan mọ táàbù jù mí lọ, mi ò bi ara mi pé kí ló dé tí kò mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí mọ́. Nígbà kan, eyín iwájú ọmọ mi ká. Ó sáré wá síwájú fóònù mi, ó la ẹnu gbàgà kí bàbá àgbà rí i.

"Bàbá àgbà, ẹ wò ó! Ẹ wo ẹnu mi!"

Bàbá ní, "Mo rí i, mo rí i. Ọlọ́hun á jẹ́ kó dàgbà. Ṣé o ti jẹun?"

Ọmọ náà kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ojú fífàro. Ó ní bàbá àgbà kò wo òun. Mo ní, "Wọ́n wò ọ́ jàre. Táàbù wọn ló ń ṣú."

Ohun tó mú mi pinnu níkẹyìn kò ní í ṣe pẹ̀lú Bàbá, ti ara mi ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti pẹ́, mo ti wọ bàtà, Bàbá sì ń ṣàdúà fún mi lórí fóònù. Àwòrán dúró. Ohùn gé. Ó tún padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún gé. Ìgbà kẹta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mo pa fóònù. Mo pa á ní ojú àdúà bàbá mi. Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, inú ń bí mi, mo sì sọ fún ara mi pé kí oṣù yìí tó parí, táàbù tuntun gbọ́dọ̀ wọ ilé yẹn.

Ọkọ mi ní, "O ti bi Bàbá ná?"

Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n? Àwọn ni wọ́n ń sọ ọ́ láti ọdún méjì."

Mo lọ gba táàbù lọ́wọ́ Bàbá, mo ní mo fẹ́ gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe. Irọ́ ni mo pa, nítorí mo fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún wọn. Ṣọ́ọ̀bù tí mo gbé e lọ, wọ́n máa ń gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ènìyàn á wá fi owó kún un. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ ti ń hu ewú nínú irùngbọ̀n. Ó tan táàbù, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó ṣí inú rẹ̀ wò.

Mo ní, "Ojú rẹ̀ ń ṣú. Ìyẹn ló jẹ́ ká fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀."

Ó wò mí. Ó ní, "Àlàájà, ojú eléyìí kò ṣú o. Ẹni tó ń lò ó ti gbé iná rẹ̀ lọ sí òkè pátápátá, kò tún síbi tó ń lọ mọ́. Bátìrì ló ń dà á láàmú. Tí ẹ bá jẹ́ kí n pààrọ̀ bátìrì fún yín, ó ṣì lè lo ọdún kan sí i."

Ó kọ ojú táàbù náà sí mi. Mo rí i. Ó mọ́lẹ̀ kedere. Lẹ́tà tó wà lójú rẹ̀ tóbi débi pé ọ̀rọ̀ méjì péré ló gba ojú táàbù kan, èmi tí mo dúró ní iwájú káńtà sì lè kà á láti ibi tí mo wà. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ara mi pé inú ṣọ́ọ̀bù ló ṣókùnkùn, pé ohun tó bá mọ́ nínú òkùnkùn lè ṣú ní ìta. Mo ti múra tán láti ra tuntun, mi ò fẹ́ gbọ́ ohun mìíràn. Mo ní kó gbà á, mo fi owó kún un, mo gbé tuntun.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo gbé e lọ. Bàbá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà wọn, ìyàwó àbúrò mi sì wà nítòsí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo tan táàbù, mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ọwọ́ pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ yíká. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n tún yí i padà, wọ́n wá apá kejì.

Wọ́n ní, "Ilẹ̀kùn rẹ̀ dà?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Àwọn tuntun kì í ní i mọ́, Bàbá. Ẹ kàn máa fi ìka gbá ojú rẹ̀ sókè ni, báyìí."

Wọ́n gbá a sókè. Wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n tún yí ara wọn díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà lè bà á.

"Ṣé o ti tàn án?"

"Ó wà ní títàn, Bàbá."

"Máṣá Allah," ni wọ́n wí. "Ó dára. Ó dára gan-an ni." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ àdúà. Wọ́n ṣàdúà títí, wọ́n dárúkọ àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dárúkọ ìyá mi tó ti lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, wọ́n gbé táàbù sí orí itan, wọ́n fi etí jálábíà bò ó. Mo rò pé wọn ò fẹ́ kí eruku bà á.

Wọn kò pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọn kò pè mí ní ọjọ́ kẹta. Èmi ni mo pè, ó dún títí kò sẹ́ni tó gbé e. Mo pe ìyàwó àbúrò mi, ó ní Bàbá wà dáadáa, wọ́n ń ṣe tẹ̀súbáà. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ní ohun tí mo fi gbogbo agbára rà, wọn ò tilẹ̀ fi pè mí. Mo sọ fún ọkọ mi pé àgbàlagbà kì í mọ ohun tó fẹ́. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé wa, iṣẹ́ pọ̀, mo fi ìyẹn ṣe àwáwí, mi ò sì dé agbo ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

Ìyàwó àbúrò mi ló pè mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo Bàbá. Wọ́n da omi gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí, ó ta sí wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín."

Mo ní, "Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n ni?"

Ó ní, "Ọwọ́ wọn kò gbọ̀n, Àǹtí. Ẹ ṣáà wá."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé, Bàbá dá ìró ẹsẹ̀ mi mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìyá mi dé." Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo wo ẹsẹ̀ wọn, ó bó díẹ̀, wọ́n ti fi oyin sí i. Mo ti múra ẹjọ́ wá láti ilé, mo fẹ́ béèrè kí ni mo ṣe. Kí n tó la ẹnu, wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n mú táàbù jáde, wọ́n nà án sí mi.

"Tàn án."

Mo tàn án.

"Gbé iná rẹ̀ sókè."

Mo gbé e sókè títí ó fi ń wọ̀ mí lójú.

Bàbá kọ ojú sí i. Wọ́n wá bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àlejò, "Sọ òtítọ́ fún mi, Ìyá mi. Ṣé ojú eléyìí náà ṣú?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Ó mọ́lẹ̀ gan-an ni."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Èmi ni, nígbà náà."

Ìyàwó àbúrò mi bú sẹ́kún lẹ́yìn mi. Èmi ò lè sunkún. Mo kàn mú táàbù náà dání, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń tàn sí mi ní àyà.

Ohun tí wọ́n sọ fún mi ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn nìyí. Nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, orí táàbù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, nítorí òun ni wọ́n ń wò jù. Wọ́n gbé iná rẹ̀ sókè, ó mọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ó tún ṣú. Wọ́n fẹ lẹ́tà, wọ́n tún fẹ̀ ẹ́. Agbo ilé tí wọ́n ti ń rìn láti kékeré, ẹsẹ̀ wọn mọ gbogbo òkúta ibẹ̀, wọn kò nílò ojú fún un. Kùránì wà lórí wọn. Àwọn ìyá tó ń wá ní ọjọ́ Àìkú á máa kà á, Bàbá á jókòó níwájú wọn pẹ̀lú tírà ṣíṣí, wọn á máa tọ́ wọn sọ́nà láìwo ojú ìwé. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ní ti àwọn nǹkan yòókù, àwọn igun ilé tó ń ṣókùnkùn, ojú ènìyàn tó dà bí ẹni tó dúró lẹ́yìn èéfín, wọ́n sọ fún ara wọn pé ọjọ́ orí ni.

Wọ́n ní, "Mo ti fi ọkàn sí i pé táàbù ni. Mo ní bí o bá ti pààrọ̀ rẹ̀, màá tún máa rí ojú yín. Ọjọ́ tí o gbé tuntun lé mi lọ́wọ́, tí mi ò rí nǹkan kan, ọjọ́ náà ni mo mọ̀. Mi ò wá mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọ, nígbà tí o ti náwó."

Wọ́n gbìyànjú láti pè mí o. Ṣùgbọ́n pẹrẹsẹ ni gbogbo ojú táàbù náà, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ibi tí ìka lè dì mú kó ti ibẹ̀ ka ìka mẹ́ta.

A lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní ọjọ́ Ajé. Dókítà obìnrin ni, kò kánjú, ó ní sùúrù pẹ̀lú Bàbá. Ó ní omi inú ẹyinjú wọn ló pọ̀ jù, tó sì ti ń ba ojú wọn jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, pé àìsàn náà kì í dun ènìyàn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jẹ ojú títí yóò fi dé àárín. Ó ní, "Èyí tó ti lọ kò ní padà. Díẹ̀ tó kù la máa fi oògùn dì mú."

Nígbà tí wọ́n mú Bàbá lọ sí yàrá kejì, mo bi í pé, "Bí a bá ti wá ní ọdún méjì sẹ́yìn ńkọ́?"

Ó ń kọ nǹkan sínú káàdì. Ó kọ ọ́ tán kó tó dá mi lóhùn. "Èyí tó máa ṣẹ́kù ì bá pọ̀ ju báyìí lọ," ni ó wí.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí à ń bá bọ̀, Bàbá na ọwọ́, wọ́n wá ọwọ́ mi kàn. Wọ́n ní kí n má fi ara mi bú, pé kádàrá ni. Mo gba kádàrá gbọ́, àwọn náà ni wọ́n fi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo mọ iye ìgbà tí mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù tí mò ń wo ojú táàbù tí kì í ṣe tèmi, tí mo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi tí mi ò wo tiwọn.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn bóyá mo lè rí táàbù àtijọ́ gbà padà, nítorí bọ́tìnnì rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun ti tà á fún obìnrin kan láti Oke-Oyi, òun kò sì mọ ibi tó ń gbé. Mo sọ ìdí tí mo fi ń wá a fún un. Ó ní, "Àlàájà, mo sọ fún yín pé kò ṣú." Kò sọ ọ́ láti fi bú mi. Mo ní, "Ẹ sọ fún mi lóòótọ́." Mo kí i, mo jáde.

A fi pílásítà kékeré lẹ ẹ̀gbẹ́ táàbù tuntun kí ìka Bàbá lè rí ibi tó máa dúró. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọn á pè mí lẹ́ẹ̀kan, wọn á ṣèèṣì pe ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó àbúrò mi ló wá rántí fóònù onítọ́ọ̀ṣì kan tó wà nínú àpótí rẹ̀, èyí tó ní bọ́tìnnì tó yọ síta. Bàbá gbà á, wọ́n fi ìka wá bọ́tìnnì èjì tí a ti fi nọ́ńbà mi sí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, fóònù mi dún nínú báàgì. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, wọ́n ti ń pè mí lẹ́yìn Àsùbáà, ohùn lásán, kò sí àwòrán. Àwọn ọmọ àbúrò mi ló ń fi táàbù tuntun wo eré.

Ní ọ̀sán kan tí mo jókòó tì wọ́n, mo bi wọ́n léèrè ohun tó ti ń dùn mí láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní, "Bàbá, ìgbà wo lẹ rí ojú mi gbẹ̀yìn?"

Wọ́n rò ó. Wọ́n ka tẹ̀súbáà díẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àbíkẹ́yìn mi ni àwọn rí i dáadáa, pé mo wọ léèsì aláwọ̀ ewé, mo sì sanra. Ọmọ náà ti wọ ilé-ìwé báyìí. Mo wá gbé ọwọ́ wọn lé ojú mi kí wọ́n fi ọwọ́ wò mí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo ti gbẹ, pé ṣé ọkọ mi kì í fún mi lóúnjẹ ni.

Dókítà ti sọ fún wa pé àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí, pé kí gbogbo àwa ọmọ wá yẹ ojú wa wò. Mo lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n ní tèmi ṣì dára, kí n máa wá lọ́dọọdún. Àbúrò mi ni kò ráyè. Lákọ̀ọ́kọ́, ọkọ̀ rẹ̀ wà ní ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì, ó ní kó kúrò níbẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ó ní ojú òun ò ṣe òun ní nǹkan kan, pé tí oṣù yìí bá parí. Oṣù parí, ó ní ẹ jẹ́ kí Iléyá kọjá. Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò bá a jà.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo gbé kẹ̀kẹ́ láti Fate, mo dé agbo ilé kí ó tó jáde. Ó ń fọ ọkọ̀ lọ́wọ́.

Ó ní, "Àǹtí, kí ló dé ní àárọ̀ yìí? Ṣé kò sí o?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan. Fọ ọkọ̀ rẹ tán. Ọ̀dọ̀ dókítà ojú là ń lọ."

Ó ní àwọn èrò ń dúró de òun ní gáréèjì. Mo ní kó pè wọ́n pé òun ń bọ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ náà, mo wọlé, mo gbé báàgì mi lé itan, mo sì jókòó dè é.